Ohun tí Àgbà fi ń jẹ Ẹ̀kọ

Nínú ìwé ìmọ̀ ìlera tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín oúnjẹ sí: èyí tí ń fún ni lágbára, èyí tí ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ àìsàn, àti èyí tí ń mú ara dàgbà. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹran, ẹja àti wàrà ni wọ́n kó sí abẹ́ ìkẹta yìí, láti ibẹ̀ ni a sì ti rí orúkọ tí gbogbo wa ń lò títí di òní, èyíinì ni amúaradàgbà. Orúkọ náà dùn-ún pè, ó sì bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wa mu régé: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, àpólà-ìṣe mú ara dàgbà, ó parí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba ọwọ́ mi kọjá ni yóò rántí pé mo máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Kubwa, ní Àbújá níhìn-ín, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mí lóminú.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà méjì ni a máa ń gbà lo "dàgbà". Ọmọ ọwọ́ ń dàgbà: ó ń ga sí i, eegun rẹ̀ ń le. Ẹni àádọ́rin ọdún náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò ga sí i mọ́. Bí ó bá tilẹ̀ yí padà, kíkúrú ni ó ń kúrú. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé oúnjẹ kan ń mú ara dàgbà, ọmọdé ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá. Ẹni tí ó ti dàgbà tán, kín ni ó tún fẹ́ fi amúaradàgbà ṣe? Ẹ má ṣe rò pé àwọn tí kò mọ̀wé nìkan ni ó ń ronú báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n fi ọdún márùndínlógójì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ni wọ́n sọ fún mi lórí tẹlifóònù pé, "Màmá ti dàgbà tán. Ẹran ti di ti àwọn ọmọ. Ògì àti ẹ̀kọ ni kí ẹ máa fún wọn, kí inú wọn lè rọ̀." Nígbà tí mo sì ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi fúnra wọn, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Wọ́n ní, "Èmi tí mo ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ẹ tún fẹ́ mú ara mi dàgbà? Ẹ kúkú wá amúaradèwe fún mi."

Àṣà wa náà ti ìyá mi lẹ́yìn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe yìí ń kọ́ àgbà ní ọ̀làwọ́, mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu ní agbo ilé tí ọmọ mẹ́wàá ti ń wo ẹnu ẹni tí ń jẹun. Ní àtijọ́, ègé ẹran tí ó tóbi jù ni wọ́n ń gbé ka iwájú bàbá. Bàbá á jẹ nínú rẹ̀, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò gbé àwo kúrò. Ìyá mi kò tilẹ̀ jẹ díẹ̀ náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, bí a bá ti gbé àmàlà síwájú wọn, wọn á fi ọwọ́ ya ẹran inú rẹ̀ sí mẹ́ta, wọn á pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á sì fi omi ọbẹ̀ lásán jẹ òkèlè tiwọn. Bí ìyàwó mi bá bẹ̀ wọ́n, wọn á ní ẹran ti ń wúwo sí àwọn nínú, àti pé ẹni tí ó ti jẹ ẹran fún ọgọ́rin ọdún kò gbọdọ̀ máa bá ọmọdé dù ú.

Kò pé ọdún méjì tí a fi rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ìró tí ó ń yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. Òrùka ìgbéyàwó wọn yọ sínú omi ìfọṣọ, wọn kò sì mọ̀. Ìdérí ìgò omi tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó wá ń bá wọn ṣí i. Wọn kò lè dìde lórí àpótí mọ́ àfi bí wọ́n bá di ògiri mú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ yẹ̀ wọ́n ní ilé ìwẹ̀. Ọlọ́run yọ wá, eegun kankan kò ṣẹ́. Gbogbo àwọn tí wọ́n wá kí wa ni ó ń wí ohun kan náà: ara àgbà ni. Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí a gbé wọn lọ, ẹni tí ó yẹ̀ wọ́n wò tún fi kún un pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹran pátápátá nítorí ọjọ́ orí wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó ti ọ̀ràn náà, tí mo ń ka ìwé, tí mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní ìbéèrè. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wa ní ọgbà yìí, ìbáà ṣe olùkọ́ ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́, tí kò ní àgbàlagbà kan tí ó ń ro oúnjẹ rẹ̀.

Ẹran tàbí ẹ̀wà tí a jẹ kì í di ara wa bí a ti jẹ ẹ́. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn ni èròjà inú wọn ti rí. Ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já okùn náà, kí ó tú ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó lè tún wọn sín sí ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní amínò ásíìdì. Ogún oríṣi ni ara ń lò, mẹ́sàn-án nínú wọn ni ara àgbàlagbà kò sì lè ṣe fúnra rẹ̀ àfi kí ó rí wọn nínú oúnjẹ. Iṣan, awọ, ẹ̀jẹ̀, àti àwọn ọmọ ogun tí ń bá àrùn jà nínú ara, láti inú wọn ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Iṣẹ́ yìí kì í sì í parí nígbà tí ènìyàn bá ti ga tán. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó apá kan ara rẹ̀, ojoojúmọ́ ni ó sì ń tún un kọ́, láti kékeré títí dé ojú ikú. Ilé tí ó ti gbó ni ó ń fẹ́ àtúnṣe jù.

Pé omi kan nínú àpòlúkù ni ó ń tú ẹran, tí kì í ṣe pé àpòlúkù kàn ń lọ̀ ọ́ bí ọlọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alexis St. Martin wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí aráyé mọ̀ ọ́n dájú. Ní 1822, ìbọn ṣèèṣì bà á ní ikùn ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà. Ó yè é, ṣùgbọ́n ihò náà kò dí. William Beaumont, dókítà ọmọ ogun tí ó tọ́jú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í so ègé ẹran mọ́ okùn sílíkì, a sọ ọ́ sínú ihò náà, a sì fà á yọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láti wo bí ó ti yọ́ tó. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1833. (Bí ó ti lo ọmọ ọlọ́mọ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n St. Martin pẹ́ láyé ju dókítà rẹ̀ lọ fíìfíì. 1880 ni ó tó kú.) Ọ̀kan nínú ohun tí Beaumont kọ sílẹ̀ ni pé bí a bá ti gé ẹran wẹ́wẹ́ tó, tí ó sì rọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ti tètè dà tó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó dán ọ̀rọ̀ yìí wò lára àwọn àgbàlagbà gan-an. Ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn onímọ̀ fún àwọn bàbá àgbàlagbà ní ẹran màlúù ní ọ̀nà méjì: ègé gbọọrọ ní ọjọ́ kan, ẹran lílọ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Ìwọ̀n kan náà ni, ẹran kan náà ni; ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2013, èyí tí a lọ̀ yára dà, ó yára wọ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ara sì dì mú nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti ègé lọ. Ṣáájú wọn, ní 2007, àwọn ará Faransé ti rí i pé àwọn àgbàlagbà tí eyín ẹnu wọn jẹ́ àtọwọ́dá kò rí èrè inú ẹran tó àwọn tí eyín tiwọn ṣì pé.

Nígbà tí mo ka èyí ni mo béèrè lọ́wọ́ ìyá mi bí eyín wọn ti rí. Apá òsì nìkan ni ó kù tí wọ́n fi ń jẹun. Ẹran tí wọ́n ní ó ń wúwo sí àwọn nínú, ẹnu kò rún un. Odidi ni ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá àpòlúkù.

Àpòlúkù pàápàá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Omi kíkan ni ó ń sun jáde láti ara rẹ̀, òun ni ó ń jẹ́ kí pepsin, ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tí ń já okùn ìlẹ̀kẹ̀, lè ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọjọ́ orí bá ti ń ga ni omi yìí ń gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àgbà tí awọ inú àpòlúkù rẹ̀ bá le koko, omi kíkan rẹ̀ kì í dín kù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń gbẹ ẹ́ ni kòkòrò àìfojúrí kan, Helicobacter pylori, tí Barry Marshall àti Robin Warren ní Australia túdìí rẹ̀ ní 1982. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà wọ́n gbọ́, ni Marshall bá gbé kòkòrò náà mu ní 1984 kí wọ́n lè rí i lára òun. Ní 2005 ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel. Kòkòrò yìí wọ́pọ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, láti kékeré sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kó o. Bí ó bá ti gbé inú ènìyàn fún àádọ́ta ọdún, ó lè ti jẹ awọ àpòlúkù ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè sun omi kíkan mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òògùn tí a ń rà ní kẹ́mísìtì fún àyà títa, bí Omeprazole, ń dín omi náà kù. Mo mọ àwọn àgbàlagbà ní àdúgbò wa tí wọ́n ti ń lò ó lójoojúmọ́ láti ọdún yìí wá, láìsí dókítà kan tí ó ní kí wọ́n máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀. Omi kíkan yìí kan náà ni ó ń tú fítámì B12 kúrò lára ẹran. Àgbà tí kò bá ní i tó lè jẹ ẹran kí B12 sì bá ìgbẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ àìtó B12 a máa sọ ẹ̀jẹ̀ di aláìlera, a sì máa mú kí ẹsẹ̀ máa kú tìpìrì.

Láti àpòlúkù, oúnjẹ á bọ́ sínú ìfun, níbi tí ẹ̀yà ara kan tí ó rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn àpòlúkù, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pancreas, ti ń da omi tirẹ̀ lé e lórí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo kà ni pé ìfun àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá kì í jáfara níbẹ̀. Omi pancreas lè dín díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí Ẹlẹ́dàá fún wa pọ̀ ju èyí tí a nílò lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹran, ẹyin tàbí wàrà tí àgbà bá jẹ ni ìfun rẹ̀ ń gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní inú arúgbó kò lè da ẹran mọ́, ó ń pa irọ́ mọ́ ìfun.

Níbo wá ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ? Ìpín ni. Lẹ́yìn tí ìfun bá ti gba amínò ásíìdì tán, òun àti ẹ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú tiwọn kí ìyókù tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Lára ọ̀dọ́, ohun tí wọ́n ń mú mọ níwọ̀n. Lára àgbà, ìpín tiwọn pọ̀ sí i. Àwa tí a ń gbé Àbújá mọ irú ìpín bẹ́ẹ̀ dáadáa: owó tí ó pọ̀ ni ó kúrò ní olú-ìlú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye tí ó dé abúlé. Kì í ṣe èyí nìkan. Ìwọ̀nba tí ó bá dé ọ̀dọ̀ iṣan, iṣan àgbà ti ya adití sí i. Èyí tí ó tó láti ta iṣan ọ̀dọ́ jí, iṣan àgbà á sùn lọ ràì. Ìṣírò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2015 fi hàn pé bí ọ̀dọ́kùnrin bá nílò gíráàmù 0.24 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n ní ìjókòó kan láti mú iṣan rẹ̀ ṣiṣẹ́ tó bí ó ti lè ṣe é, nǹkan bí 0.40 ni bàbá àgbà nílò. Ìyẹn ni pé ohun tí àgbà ń fẹ́ fún ìwọ̀n ara rẹ̀ fi púpọ̀ ju ti ọmọ rẹ̀ lọ, kò dín sí i. Àjọ WHO àti FAO fi gíráàmù 0.83 fún kílò kan lójúmọ́ lélẹ̀ fún gbogbo àgbàlagbà ní 2007; ní 2013, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ń jẹ́ PROT-AGE wí pé kí ẹni tí ó bá ti kọjá ọdún 65 máa jẹ gíráàmù 1.0 sí 1.2.

Mo gbé ìyá mi lé ìwọ̀n: kílò 52. Gíráàmù 52 sí 62 ni ó yẹ kí wọ́n máa jẹ lójúmọ́. Mo wá ṣírò ohun tí wọ́n ń jẹ. Ògì àti àkàrà méjì láàárọ̀, àmàlà àti ewédú láìsí ẹran lọ́sàn-án, ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ lálẹ́. Bí mo ti kà á tó, kò lè ju 25 lọ. Ẹ sì wo ògì fúnra rẹ̀. Àgbàdo ní èròjà yìí díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rẹ ẹ́, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ń bá èérí àti omi lọ. Ẹran ọ̀sìn tí ó bá jẹ èérí náà jèrè ju ẹni tí ó mu ògì lọ.

A kò ṣàìmọ̀ èyí fún ọmọdé. Ní 1933 ni dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ti kọ̀wé láti Gold Coast, tí ó ń jẹ́ Ghana lónìí, nípa àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú sórí oúnjẹ àgbàdo, tí ara wọn wú, tí irun wọn pọ́n. Kwashiorkor ni orúkọ tí àwọn Gã ń pe àìsàn náà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, pò sóyà mọ́ ògì nítorí àwọn ọmọ wa. Gbogbo ilé ìtọ́jú aboyún ni ó ní àwòrán ọmọ tí ikùn rẹ̀ yọ gẹngẹ lára ògiri. Àgbàlagbà tí itan rẹ̀ ń tán lọ ńkọ́? Ní 1989 ni Irwin Rosenberg ní Amẹ́ríkà tó fún ìtánlọ iṣan àgbà ní orúkọ, sarcopenia, ó sì wí pé bí ohun kan kò bá ní orúkọ, ẹnikẹ́ni kò ní kà á sí. Àwa kò tíì fún un ní orúkọ ní Yorùbá. "Ara àgbà" ni a ń pè é, orúkọ yẹn sì ti parí ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àbújá ju bí a ti rò lọ. Ìlú ọ̀dọ́ ni a máa ń pè é. Februarì 1976 ni òfin tí ó dá a sílẹ̀ jáde, 12 Decembà 1991 ni ìjọba sì kó kúrò ní Èkó wá síbí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n kó o wá pẹ̀lú fáìlì rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta báyìí, ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ fi àwọn ìyá àti bàbá wa kún un, tí a ń mú wá láti Ìkirè, Ọ̀fà àti Ìjẹ̀bú wá bá wa tọ́ ọmọ, tí wọn kò ní ẹgbẹ́, tí wọn kò mọ ọ̀nà ọjà, tí ó jẹ́ pé ohun tí a bá gbé síwájú wọn ni wọ́n ń jẹ. Òfin ọdún 2017 ti dá ilé-iṣẹ́ kan, National Senior Citizens Centre, sílẹ̀ ní ìlú yìí nítorí àwọn àgbàlagbà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè wọ ilé ìdáná wa.

Yorùbá kan náà tí ó ní kí àgbà má jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni ó wí pé ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. A máa ń fi òwe yìí sọ̀rọ̀ nípa àṣírí àti ọgbọ́n inú, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbà á bí ó ti rí lójú pẹpẹ fún ìgbà yìí. Àwọn tí ó pa á mọ̀ pé àgbà kì í jẹ ẹ̀kọ lásán. Ohun kan wà lábẹ́ ewé náà, bóyá ẹja, bóyá mọ́ínmọ́ín, tí ọmọdé kò gbọdọ̀ rí kí ó má bàa na ọwọ́ sí i. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìyá bàbá rẹ a máa fi panla sábẹ́ ewé." Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti dín kù nínú ilé wa.

Ìyàwó mi ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó kù. Kò bá wọn jiyàn lórí ègé ẹran mọ́. Ó ń lọ ẹran náà, ó sì ń dà á sínú ẹ̀fọ́ rírò, kò sí ohun tí ọwọ́ lè yọ fún ọmọ kankan. Bí ẹran bá ti ara màlúù tí ó ti gbó wá, bí èyí tí a sábà máa ń rí rà, ó ń fi ewé ìbẹ́pẹ wé e fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbé e kaná. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí tipẹ́. Ohun kan wà nínú oje ìbẹ́pẹ, papain ni wọ́n ń pè é, tí ń já okùn ìlẹ̀kẹ̀ gẹ́gẹ́ bí pepsin ti ń ṣe, tí ó fi jẹ́ pé ẹran náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà kí ó tó dé ẹnu. Irú náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: nígbà tí ó bá ń bà lábẹ́ ewé, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ti tú púpọ̀ nínú èròjà rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni òórùn rẹ̀ àti adùn rẹ̀ ti ń wá. Ní ti wàrà, Àbújá sàn ju ilé lọ. Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé nọ́nọ̀ àti wàrà kiri àdúgbò wa, àwọn mìíràn sì ń din wàrà tí a fi sóyà ṣe, tí àwọn Hausa ń pè ní àwàrà, lẹ́bàá títì ní ìrọ̀lẹ́. Ó rọ̀, kò fẹ́ eyín, kò sì wọ́n tó ẹran. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6, ife mílíìkì kan nǹkan bí 8, ìwọ̀n ẹ̀wà sísè 100 gíráàmù nǹkan bí 8, ìwọ̀n kan náà ẹran màlúù sísè nǹkan bí 26. Ohun tí a sì rí i pé ó ṣe pàtàkì ni pé kí a má kó gbogbo rẹ̀ jọ sí alẹ́. Iṣan adití ni. Ó ń fẹ́ igbe tí ó lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí gíráàmù 20 ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní ẹjọ́ kan lórí ẹ̀wà, pé ó ń fẹ́ inú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n èròjà tí a ń wí yìí kọ́ ni ó ń fẹ́ ẹ. Oríṣi ṣúgà kan ni ó wà nínú ẹ̀wà tí ìfun ènìyàn kò lè tú, ọmọdé tàbí àgbà. Àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá ni wọ́n ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Bí a bá rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tí a da omi rẹ̀ nù, tí a bó o, púpọ̀ nínú ṣúgà náà ti bá omi lọ. Ta ni kò mọ̀ pé gbẹ̀gìrì àti ẹ̀kuru kì í dààmú inú tó ẹ̀wà àsèje? Káún ni n kò fọwọ́ sí, nítorí bí ó ti ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀ náà ni ó ń ba fítámì inú rẹ̀ jẹ́.

Ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ gbójú fò. Kí a tó fi kún oúnjẹ ìyá mi, a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn ní ilé ìwòsàn ìjọba láti mọ bí kíndìnrín wọn ti ń ṣiṣẹ́. Àgbà tí kíndìnrín rẹ̀ bá ń ṣàárẹ̀, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ẹran púpọ̀ lè pa á lára, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sì ti ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ jẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Dókítà tí ó rí wọn níbẹ̀ sọ fún wa pé kò sí ewu, ó sì tún wí pé oúnjẹ nìkan kò tó: iṣan tí a kò lò kò ní gbọ́ igbe kankan. Nítorí náà, lójoojúmọ́ ni ìyá mi ń dìde lórí àga, tí wọ́n tún ń jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ àti lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ àbíkẹ́yìn wa ni ó ń kà á fún wọn. A máa ń gbọ́ ọ tí ó ń fo mẹ́fà kọjá kí ìyá àgbà lè tètè ṣe tán.

Oṣù kẹjọ nìyí. Wọ́n ti wọ̀n kílò 54. Wọ́n ń dìde lórí àpótí láìdi ògiri mú, wọ́n sì ti ń dá lọ sí ilé aládùúgbò wa kejì, Ìyá Ìlọrin, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ àwọn òkú àti àwọn alààyè. Ìdérí ìgò ṣì ń le fún wọn. Ẹran ewúrẹ́, wọn kò fẹ́ ẹ rí, wọn kò sì ní jẹ ẹ́ nítorí dókítà kankan. Mo ti fi ọ̀rọ̀ kan, atúnaraṣe, lọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka wa dípò amúaradàgbà. Àwọn kan fara mọ́ ọn, àwọn kan ní amúaradàgbà ti wọ ìwé tán, pé a kò lè máa lé ọ̀rọ̀ kiri bí adìyẹ. Àpérò lórí rẹ̀ kò tíì parí. Bí mo sì ti ń kọ èyí lọ́wọ́, mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi láti ilé ìdáná, wọ́n ń béèrè pé wàrà tí àwọn fi ewé bò sínú àwo láàárọ̀ dà, àti pé ta ni ó jẹ ẹ́.